Ọjọ́ Tí Mo Wo Ọ̀fun Ara Mi Lórí Dígí

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ tú àṣírí.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò fẹ́ ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ẹran ara tí wọ́n bá yọ lára aláìsàn ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. A ó rẹ ẹ́ sínú fọ́málínì kó má bàa jẹrà, a ó fa omi ara rẹ̀ gbẹ, a ó rì í sínú ìda gbígbóná. Bí ìda náà bá ti dì, èmi ni n ó gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, tí ẹ mú mẹ́rin níbẹ̀, bí pẹlẹbẹ kan ṣe nípọn tó nìyẹn. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gé e ní kẹ̀kẹ́ kan tí à ń fọwọ́ yí bíi ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Bí mo bá ti ń yí i, àwọn pẹlẹbẹ náà á máa so kọ́ra wọn lẹ́nu ọ̀bẹ, wọ́n á di rìbọ́ǹnì. N ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbé e, n ó tẹ́ ẹ sójú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á na ara rẹ̀ gbalaja, gbogbo ibi tó hunjọ á sì tẹ́. Ìgbà yẹn ni n ó wá ti dígí bọ abẹ́ omi, n ó fi gbé e jáde. Ẹni tó bá mí gùlègùlè sí i lásìkò náà ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, rìbọ́ǹnì mi kì í ju pẹlẹbẹ mẹ́ta lọ kó tó já. Mo di ẹ̀bi ru ọ̀bẹ, mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo di ẹ̀bi ru ìda. Mo ní ẹ̀rọ amúlétutù ni, pé kò ṣiṣẹ́ tó, nígbà tí gbogbo àwọn tó kù nínú yàrá wọ ṣúẹ́tà. Ọ̀gá mi, bàbá kan tó ti ń wo sẹ́ẹ̀lì kí n tó mọ ìwé kà, wò mí títí, ó ní, "Àbúrò, na ọwọ́ rẹ méjèèjì síwájú." Mo nà án. Ó gbé abala ìwé kan lé ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Ìwé náà ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀pẹ̀ bí ìyẹ́ kòkòrò tó há sínú ìgò.

"Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun gan-an, sà."

"O sì ń rù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọkàn rẹ ńkọ́? Ṣé ó máa ń sáré bí o bá tiẹ̀ dùbúlẹ̀?"

N kò rí èsì fọ̀. Ó ní, "Ìwọ tí o ti gé táírọ́ìdì ọmọ ọlọ́mọ tó báyìí. Lọ yẹ tìrẹ wò."

Ojú tì mí. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń rẹ gíláǹdì láró, mo lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì kí n tó jókòó dáadáa sídìí máíkírósíkóòpù, síbẹ̀ n kò mọ ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ya wèrè lọ́rùn èmi fúnra mi.

Gbogbo wa la mọ gẹ̀gẹ̀. Àmọ́ ìwú ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń wú gan-an, kálukú ló ní in, bó wú bí kò wú. Abẹ́ gògóńgò ni táírọ́ìdì wà, ó fi apá méjì gbá ọ̀nà èémí mọ́ra bíi labalábá tó bà lé ẹ̀ka igi. Ti àgbàlagbà kì í wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 15 sí 25 lọ. Áyódìnì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣà jọ, òun náà ló fi ń ṣe hòmóònù méjì, ìránṣẹ́ tó ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ, tí a ń pè ní T4 àti T3. Nọ́ńbà yẹn kò ní awo kankan nínú: hóró áyódìnì tó wà lára ọ̀kan jẹ́ mẹ́rin, tèkejì jẹ́ mẹ́ta. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí sẹ́ẹ̀lì kan lára tí kì í gbọ́ tiwọn. Bí wọ́n bá pọ̀, gbogbo ara á máa sáré. Bí wọ́n bá dín, gbogbo ara á máa wọ́.

Èsì àyẹ̀wò dé: T4 ga, T3 ga, TSH, hòmóònù tó ń rán táírọ́ìdì níṣẹ́, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ á rò pé ìròyìn méjì tó ń ta ko ara wọn nìyẹn. TSH kò wá láti ọ̀fun rárá. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ló ti wá, láti inú pitúítárì, gíláǹdì kan tí kò ju horo ẹ̀wà lọ, tó wúwo tó ìlàjì gíráàmù, tó jókòó sínú kòtò kékeré kan nínú egungun agbárí. Bí a bá rẹ ẹ́ láró, àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á pín sí ọ̀wọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan á pọ́n, àwọn ni wọ́n ń ṣe hòmóònù ìdàgbàsókè àti èyí tó ń mú omi ọmú wá. Àwọn kan á gba àwọ̀ èsè àlùkò, àwọn kan kò sì ní gba aró kankan. Inú àwọn elésè àlùkò ni àwọn tó ń ṣe TSH wà. Wọn kò pọ̀: nínú ogún sẹ́ẹ̀lì, ẹ lè má rí ju ọ̀kan lọ.

Ọ̀kan nínú ogún yìí ni alábòójútó ọ̀fun. Bí hòmóònù táírọ́ìdì bá tó nínú ẹ̀jẹ̀, á panu mọ́. Bó bá dín, á ké sí i. Tèmi ti panu mọ́ tipẹ́, àmọ́ táírọ́ìdì mi kò yé ṣiṣẹ́. Ta ló wá ń rán an níṣẹ́? Àwọn ọmọ ogun ara mi ni. Wọ́n ti ṣe ohun ìjà kan tó ṣèèṣì bá ihò kọ́kọ́rọ́ TSH mu. Ó wọ̀ ọ́, ó ṣí i, kò sì sí ẹni tí yóò tì í. Robert Graves kọ nípa àìsàn yìí ní Dublin lọ́dún 1835, Karl von Basedow náà kọ tirẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1840, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn títí di òní. Orúkọ tí wọ́n bá wù kí wọ́n pè é, ìwé ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi.

Mo lo oògùn tó ń dín iṣẹ́ táírọ́ìdì kù fún oṣù méjìdínlógún. Ara rọ̀, wọ́n ní kí n dá a dúró, àìsàn sì padà kí oṣù mẹ́rin tó pé. Ọ̀nà méjì ló kù: kí n gbé áyódìnì onítànṣán mì kó lọ sun ún láti inú, tàbí kí wọ́n gé e kúrò. Mo ní kí wọ́n gé e. Ọ̀bẹ ló ń bọ́ mi, n kò lè wá máa sá fún un.

Ìmọ̀ràn kan tí mo gbà lọ́wọ́ ara mi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà ni pé kí n má ka ìwé kankan. Mo kà á. Mo ka ti Theodor Kocher, oníṣẹ́ abẹ ará Siwitisílándì tí ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ débi pé àwọn tó gé gẹ̀gẹ̀ fún kì í sábà kú, láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ ń kú sórí tábìlì. Nígbà tó pe àwọn tó ti yọ táírọ́ìdì wọn tán pátápátá padà, kó wo bí wọ́n ṣe ń ṣe sí, ó bá ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ojú wọn wú, tí ọ̀rọ̀ ń fà lẹ́nu wọn, tí òye wọn ti kú. Ó tẹ ìròyìn náà jáde lọ́dún 1883, kò fi àṣìṣe ara rẹ̀ pa mọ́. Ìgbà yẹn ni ayé tó mọ̀ dájú pé ohun tó wà lọ́rùn yẹn kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1909.

Wọ́n gé tèmi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì lọ déédéé. Ọjọ́ kejì ni ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Mo fọwọ́ nù ún, kò sí èèrà. Kò pẹ́ tó fi dé orí ìka ọwọ́, tó fi dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan wọlé, kò tilẹ̀ bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ lu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi níwájú etí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, igun ẹnu mi fò. Ó tún lù ú, ó tún fò. Ó wé ohun tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá, ó fún un, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ọwọ́ mi ká jọ fúnra rẹ̀, àtàǹpàkò wọlé, àwọn ìka yòókù le gbọnrangandan, bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kiwọ́ bọ ìgò. Mò ń wò ó. N kò lè tú u.

Mo ní, "Dókítà, kálísíọ̀mù ni, àbí?"

Ó ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n, mà?"

Mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn ti gbàgbé àwọn mẹ́rin yẹn ni.

Ẹ̀yìn táírọ́ìdì ni wọ́n máa ń fara pamọ́ sí, mẹ́rin lára ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju horo ìrẹsì lọ. Paratáírọ́ìdì ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ náà kò sì sọ ju pé wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táírọ́ìdì. Aládùúgbò ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹbí. Iṣẹ́ wọn kò kan ara wọn. Nínú gbogbo gíláǹdì ńlá tí ara ní, àwọn ni wọ́n rí kẹ́yìn. Richard Owen rí wọn lára rhinoceros kan tó kú ní ọgbà ẹranko London, láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ivar Sandström, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní Uppsala ní Súwídìn, ló wá rí wọn lára ajá, ó wá wọn kiri lára òkú èèyàn, ó sì kọ ìwé nípa wọn lọ́dún 1880. Wọn kò kà á sí. Wọ́n ń gé gẹ̀gẹ̀ lọ, àwọn aláìsàn ń ká lọ́wọ́ ká lẹ́sẹ̀, kò yé ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì ń ṣe é tọ̀sán tòru: wọ́n ń wọn kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀. Kálísíọ̀mù pọ̀ jaburata nínú egungun, àmọ́ ìwọ̀nba tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ni kò gbọdọ̀ yẹ̀, torí òun ló ń mú kí iṣan ọpọlọ fara balẹ̀. Bó bá dín, iṣan á máa ta fúnra wọn, láìsí ẹni tó rán wọn. Èèrà tó wà létè mi nìyẹn. Bí paratáírọ́ìdì bá ti rí i pé ó ń dín, wọ́n á tú hòmóònù wọn sẹ́jẹ̀: yóò ní kí egungun tú díẹ̀ sílẹ̀, kí kíndìnrín má ṣe jẹ́ kó bá ìtọ̀ lọ, kí kíndìnrín náà jí fítámì D kí ìfun lè gbà sí i nínú oúnjẹ. Iṣẹ́ abẹ ọ̀fun lè yọ wọ́n lẹ́nu, torí òpójẹ̀ tó ń bọ́ wọn tín-ín-rín bí òwú. Wọ́n lè sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó jí.

Wọ́n fa kálísíọ̀mù sí mi nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo bí ọkàn mi ṣe ń lù lójú ẹ̀rọ. Ooru kan gba ojú mi kọjá. Ọwọ́ mi tú. Wọ́n fún mi ní kálísíọ̀mù oníhóró àti fítámì D dání lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà ni mo padà síbi iṣẹ́. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ló ti gé táírọ́ìdì mi nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì; nọ́ńbà ni wọ́n fi sí i bíi ti gbogbo èèyàn. Mo lọ bá dókítà tó ka dígí náà, mo tọrọ àyè. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ pé rárá, ó wá fa àtẹ náà jáde fún mi.

Mo ti wo irú rẹ̀ kọjá kíkà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ẹni tí kò rí i rí. Táírọ́ìdì tí ara rẹ̀ dá dà bí ilé oníyàrá púpọ̀ tí a wò láti òkè nígbà tí wọ́n ṣí òrùlé rẹ̀. Yàrá róbótó ni wọ́n, kéékèèké, ńláńlá. Sẹ́ẹ̀lì ló tò yí yàrá kọ̀ọ̀kan ká, ìlà kan péré, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Inú yàrá ni nǹkan kan kún dẹ́múdẹ́mú, tó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tó dán. Hòmóònù ni wọ́n kó pa mọ́ síbẹ̀. Kò sí gíláǹdì mìíràn tó ń tọ́jú hòmóònù tó bẹ́ẹ̀ síta sẹ́ẹ̀lì. Ohun tó wà nínú àwọn yàrá yẹn lè tó ara lò fún oṣù méjì sí mẹ́ta bí iṣẹ́ tuntun kò tilẹ̀ wọlé.

Tèmi yàtọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n fún ara wọn mọ́ ògiri débi pé ògiri ká wọnú yàrá. Etí ohun pupa yẹn sì ti jẹ wómúwómú yíká, níbi tí wọ́n ti ń bù ú lò láìdúró. Oògùn tí mo mu kí wọ́n tó gé e ti mú kí apá ibì kan rọlẹ̀, àmọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wò yóò mọ̀ pé ibí yìí kò sùn rí. Mo jókòó tì í. Ó ṣe mí bákan láti rí i. Gbogbo òru tí ọkàn mi fi sáré, gbogbo èébú tí mo bú ọmọ mi láìnídìí, ó wà níbẹ̀ nínú àwọ̀ pupa àti èsè àlùkò.

Mo wá sún dígí náà dé etí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Lẹ́yìn awọ tó bo táírọ́ìdì, nínú ọ̀rá díẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan ṣù jọ. Kò sí yàrá, kò sí ohun pupa. Wọ́n kàn kún fọ́fọ́, ojú wọn dúdú róbótó, sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá funfun sì há sáàárín wọn níbí lọ́hùn-ún. Mo mú un tóbi sí i. Paratáírọ́ìdì ni. Odindi ọ̀kan. Ó ti bá táírọ́ìdì lọ nígbà tí wọ́n ń gé e, nítorí nínú ọ̀fun tó ṣí sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rá. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, mo sì ti rí i lórí dígí àwọn ẹlòmíràn, tí n kò ronú kan ètè ẹnikẹ́ni. Ó wà nínú ìwé èsì náà, ìlà kan péré, lápá ìsàlẹ̀: wọ́n rí paratáírọ́ìdì kan. N kò bínú sí oníṣẹ́ abẹ náà. Inú bí mi pé mo ti tẹ irú ìlà bẹ́ẹ̀ jáde fún ọ̀pọ̀ èèyàn láì dúró lé e lórí.

Mẹ́ta tó kù jí. Ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Ẹ má bi mí nípa sẹ́ẹ̀lì C. Àwọn náà wà nínú táírọ́ìdì, ẹ̀gbẹ́ àwọn yàrá yẹn ni wọ́n ń gbé, calcitonin ni hòmóònù wọn, wọ́n sì bá a lọ. Kò sẹ́ni tó fi òmíràn rọ́pò fún mi, ara mi kò sì tíì béèrè wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti yí ọ̀nà tí mo ń gbà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà. Tẹ́lẹ̀, àwọ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n wò. Ní báyìí, ẹ̀jẹ̀ ni. Gíláǹdì òógùn ní ojú ọ̀nà tirẹ̀, ti itọ́ náà ní. Ẹ máa rí ihò tóóró tí oje ń gbà jáde. Àwọn tí mò ń sọ yìí kò ní. Ẹ wá ihò títí, ẹ kò ní rí i. Àfi òpójẹ̀ wẹ́wẹ́ tó rọ̀gbà yí wọn ká, kò sí sẹ́ẹ̀lì tó jìnnà sí i. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e dé ibi gbogbo. Ẹni tó bá ní etí fún un ni yóò gbọ́. Iṣẹ́ kan náà ni adirẹnalínì ń jẹ́ fún gbogbo ara nígbà tí ẹ̀rù bá ba ni, síbẹ̀ òpójẹ̀ awọ ara á fún, ọ̀nà èémí á fẹ̀, ọkàn á sáré. Kálukú ló ní bó ṣe ń jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀.

Èyí ló fi jẹ́ pé èèyàn lè rí wọn kó má mọ ohun tí wọ́n wà fún. Paul Langerhans jẹ́ ọmọ ọdún 21 nígbà tó kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ ní Berlin lọ́dún 1869. Ó rí àwọn erékùṣù sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí àwọ̀ wọn mọ́lẹ̀ nínú páńkíríásì, gíláǹdì tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, ó ṣàpèjúwe wọn, ó sì sọ gbangba pé òun kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó kú lọ́dún 1888. Ọdún tó tẹ̀ lé e gan-an ni Mering àti Minkowski yọ páńkíríásì ajá kan ní Strasbourg, tí ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìtọ̀ ṣúgà. Ó tún di ọdún 1921 kí Banting àti Best tó rí ínsúlínì, hòmóònù tí àwọn erékùṣù yẹn fi ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, fà jáde ní Toronto. Àwọn erékùṣù yẹn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan nínú páńkíríásì kan, síbẹ̀ bí ẹ bá kó gbogbo wọn jọ, wọn kò ju ìdá kan tàbí méjì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá bi mí pé gíláǹdì wo ni mo fẹ́ràn jù, èyí tí kì í ṣe gíláǹdì ni. Ọ̀gá mi bi wá nígbà kan pé ẹ̀yà ara wo ló ń ṣe irú hòmóònù tó pọ̀ jù. Gbogbo wa pariwo pé pitúítárì. Ó ní, "Ẹ wo abẹ́ ìgbànú yín." Ìfun ni. Láti àpòlúkù dé ìsàlẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín àwọn yòókù, bí amí láàárín ọjà. Aró tí a ń lò lójoojúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ fi wọ́n hàn. Àfi kí a lo èyí tó ń sọ wọ́n di àwọ̀ ilẹ̀. Bí ó bá wá mú wọn, ẹ wo ẹwà: orí tóóró ló yọ sójú ìfun, ibẹ̀ ló fi ń tọ́ ohun tó ń kọjá wò, ìdí tó fẹ̀ ló dojú kọ ẹ̀jẹ̀, ó kún fún hóró hòmóònù wínníwínní. Ìtàn hòmóònù gan-an, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1902, Bayliss àti Starling gé gbogbo iṣan ọpọlọ tó lọ síbi ìfun ajá kan ní London, wọ́n da ásíìdì sí ìfun náà, páńkíríásì ṣì dá a lóhùn. Wọ́n họ ìpele inú ìfun, wọ́n lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ásíìdì, wọ́n fà á sínú ẹ̀jẹ̀. Páńkíríásì tún dáhùn. Ọ̀rọ̀ ti gba inú ẹ̀jẹ̀ dé ibẹ̀. Ọdún 1905 ni Starling fún irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ hòmóònù, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí kí a ru nǹkan sókè.

Ọ̀kan lára àwọn amí yẹn, sẹ́ẹ̀lì L, ló ń ṣe GLP-1, tó ń sọ fún páńkíríásì pé oúnjẹ ti dé, tó sì ń sọ fún ọpọlọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà àti sísanra tí gbogbo ayé ń du báyìí, òun ni wọ́n fara wé. Ojúlówó rẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó dín sí ìlàjì. Èyí tí wọ́n ṣe fún abẹ́rẹ́ lè lo ọ̀sẹ̀ kan. Ọkàn pàápàá wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Lọ́dún 1981 ni de Bold fi hàn ní Kánádà pé bí wọ́n bá fa omi ara yàrá òkè ọkàn sí eku lára, eku náà á tọ̀ rẹpẹtẹ, iyọ̀ á sì bá a lọ. Ọkàn tí a rò pé fífà ẹ̀jẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Èmi ń gbé oògùn mì báyìí, hóró kékeré kan, máíkírógíráàmù 100, láàárọ̀ kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu. T4 ni. Ó gbà á ní bí ọjọ́ méje kó tó dín sí ìlàjì nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà bí mo bá gbàgbé lọ́jọ́ kan, kò sí ohun tó máa ṣe mí. Bí wọ́n bá yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo gbọ́dọ̀ dúró kí àyẹ̀wò TSH tó ní ìtumọ̀. Sùúrù ti gíláǹdì yẹn máa ń ní, ó fi sílẹ̀ fún oògùn rẹ̀. Lọ́dún 1891, George Murray fa omi táírọ́ìdì àgùntàn sí obìnrin kan lára tí ojú rẹ̀ ti wú, tí ara rẹ̀ ti kú. Obìnrin náà lo ọdún 28 sí i. Mo máa ń ronú kàn án bí mo bá ń ṣí ìgò.

TSH mi wà ní ipò rẹ̀. Ọ̀kan nínú ogún yẹn, lókè lọ́hùn-ún, kò mọ̀ pé kò sí táírọ́ìdì lọ́rùn mi mọ́. T4 ló ń kà, kò béèrè ibi tó ti wá.

Dókítà fún mi láyè kí n fi dígí kejì tí a gé lára ìda mi sínú àpótí ìkọ́ni. Kò sí orúkọ lórí rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ méje ló jókòó tì í. Mo ní kí wọ́n sún un dé etí, kí wọ́n sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọmọ kan yára ní, "Lymph node ni, mà." Ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í mú fún kókó kékeré tí àwọn ọmọ ogun ara ń gbé yẹn, òun náà ṣù jọ, òun náà dúdú. Mo ní kó wá ọ̀rá láàárín rẹ̀, kó wá òpójẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Paratáírọ́ìdì! Kí ló ń ṣe níbí, mà?"

"Ó ṣèèṣì bá a lọ ni."

Ó gbé ojú kúrò lára máíkírósíkóòpù. "Ẹni tó ni ín ńkọ́, mà? Ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà," mo ní. "Ó ti lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ má fọwọ́ kan ojú dígí yẹn."